Àga Irin Oníbàárà Olóòótọ́

Folúkẹ́ Àjàní ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, ẹ̀yin ará, nítorí òun náà mọ̀ pé n ó dárúkọ òun lónìí. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, ní ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi nínú ìjọ yìí. Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gun aríran, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ìwé àti báírò, tí n ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, kò ní rántí ohunkóhun. Ìwé mọ́kànlélógún ni mo kọ kún, orúkọ mi sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Folúkẹ́ wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ àwọn ìwé yìí sínú kọ̀ǹpútà, kí ikán má baà jẹ wọ́n." Mo súre fún un. Mo tún bu ẹ̀pà fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta, ọmọbìnrin mi gbé fóònù sí mi lójú. Bulọ́ọ̀gì ni. Àwọn ìran inú ìwé mi ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́, àwòrán Folúkẹ́ nínú sùtánà wà lókè wọn, ohun tó sì kọ sísàlẹ̀ ni pé, "Ìran tí Olúwa fi han èmi ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀." Àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ń ṣe àmín láti ìlú òyìnbó. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò ń gbé ìpolówó wá fún un, òun náà sì ń ta ọṣẹ dúdú níbẹ̀. Mo gbé ẹjọ́ náà wá bá ẹ̀yin alàgbà tí ẹ jókòó níwájú yìí. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní, "Màmá, ṣebí iṣẹ́ Olúwa kan náà ni. Ní ọjọ́ orí yín yìí, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Mo dìde, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo gbààwẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo bẹ Olúwa pé kó fi ìdájọ́ Folúkẹ́ hàn mí kí n tó kú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀; ẹ̀yin náà ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń ta lára ògiri. Mo na ẹ̀yìn lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Aṣọ rẹ̀ funfun, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi mú. Ó ní, "Akọ̀wé, dìde. Ojú ẹlòmíràn lo ti ń fi rí ìran láti ọjọ́ yìí wá. Lónìí, wàá fi ojú ara rẹ rí i."

Ó mú mi dé àfonífojì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú, ebi ń pa wọ́n. Ẹrù tí wọ́n dì rèǹtè-rente ń já bọ́ láti òkè, olúkúlùkù ń sáré já tirẹ̀ gbà, wọ́n ń fi eyín tú u, ẹyin iná ló sì ń dà sí wọn lẹ́nu. Olùtọ́nà mi ní, "Àwọn tó fi àwòrán ọjà rere ta ọjà burúkú nìyí." Bí ẹrù mìíràn bá já bọ́, wọ́n tún sáré.

Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan dúró nínú iná dé ìbàdí. Alàgbà ni láyé. Kì í ṣe ti ìjọ wa. Mo kọ́kọ́ yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa. Ohùn ọmọbìnrin kékeré kan ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tó fi fóònù kọ ránṣẹ́ sí ìyàwó oníyàwó, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo èyíkéyìí. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ó tó, ọmọ mi, ó tó." Olùtọ́nà mi ní, "Ohùn ọmọ rẹ̀ ni."

A kọjá ní oríta kan. Wọ́n so ọ̀gá kan mọ́ òpó níhòòhò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò ó. Òun ló máa ń sọ fáwọn èèyàn láyé pé, "Ẹ mú owó wá rí mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ó tú àṣírí yín síta." Ó ń bẹ̀ wá fún ewé kan ṣoṣo. Kò sí ewé níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé ibi tí mo ti ń retí. Àwọn tó yọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀ ni, òǹgbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Áńgẹ́lì kan gbé omi tútù dání, ó ń bi wọ́n léèrè pé, "Ta ni kí n sọ pé ó fẹ́ mu ún?" Wọ́n á la ẹnu, wọn ò sì ní rántí orúkọ ara wọn. Mo wọ àárín wọn, mo ń yí ojú wọn sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olùtọ́nà mi ní, "Ta lò ń wá?"

Mo ní, "Folúkẹ́."

"Ó ṣì wà láàyè."

"Mo mọ̀. Àyè tí ẹ pèsè sílẹ̀ fún un ni mo ń wá."

Ó ní, "Wọn ò rán mi sí ọ nítorí àyè tirẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, òórùn àdín àti eérú sì kọ lù mí nímú, òórùn ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Àga irin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: ONÍBÀÁRÀ OLÓÒÓTỌ́.

Ẹ̀yin ò mọ orúkọ yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ̀yin alàgbà lé mi padà sílé, èmi ni mo fi í ṣí ojú ìwé kan lórí ayélujára. Mo wá àwòrán ọmọ kan tí omi gbígbóná bó lójú, mo gbé e síbẹ̀, mo kọ ọ́ pé ọṣẹ tí mo rà lọ́wọ́ Folúkẹ́ ló ṣe ọmọ mi báyìí. Irọ́ ni. N kò ra ọṣẹ náà rí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìlú tí ẹsẹ̀ mi ò dé rí.

Folúkẹ́ ni mo ju òkò náà sí. Ṣùgbọ́n Folúkẹ́ kọ́ ló ń se ọṣẹ. Ìyá Bọ́lá ló ń se é, opó tó máa ń gbá àgbàlá ìjọ yìí. Folúkẹ́ kàn ń bá a tà á ni. Nígbà tí ọjà ọṣẹ náà kú, Folúkẹ́ gba ìpolówó mìíràn. Ìyá Bọ́lá dojú ìkòkò rẹ̀ dé. Ó ṣàìsàn, kò rí ohun tó máa fi tọ́jú ara rẹ̀, ó sì kú. Gbogbo wa la sin ín. Èmi ni mo ka Bíbélì.

Mo kígbe níwájú àga yẹn, mo ní, "Mo ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́! Ọjọ́ tí a sin ín ni mo ti pa á rẹ́!"

Olùtọ́nà mi ní, "O pa á rẹ́ lọ́wọ́ tìrẹ. Lọ́wọ́ àwọn tó ti pín in ńkọ́?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àga náà pọ́n. Ó ní, "Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á láyé." Ó tún pọ́n, ó ní ẹlòmíràn ti kà á, ó tún pọ́n, ó tún pọ́n, irin náà ń ké, ooru rẹ̀ ń fà mí bí ẹni fi okùn fa ewúrẹ́, mo ta kú, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀, mo di aṣọ olùtọ́nà mi mú, mo ń pe Jésù, ohùn mi ò jáde, ìdí mi ti ń kan etí àga náà, Olúwa, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀.

Ó fà mí lápá. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi.

Mo rí ògiri kékeré kan àti ẹnu ọ̀nà. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi nínú, ẹnìkan kò pe ẹnìkan, iṣẹ́ kankan kò dúró dè wọ́n. Ìyá Bọ́lá jókòó lórí àpótí nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ tí eérú ti jẹ tán láyé ti rí bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

Ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn."

Mo ń wo ọwọ́ náà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọṣẹ mi bó yín lára rí ni?"

Mo ní, "Rárá, ìyá."

"Àbí ó bó ọmọ yín?"

"Rárá."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn. Bọ́lá ti gbé ìkòkò mi kaná, kò rẹ́ni ra ọṣẹ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ìyá tó ń bó ọmọ ọlọ́mọ lójú ni."

Mo fẹ́ wọlé lọ bá a. Olùtọ́nà mi na ọwọ́ dí ọ̀nà. Ó ní, "Orúkọ tí o fi bà á jẹ́ kọ́ ni wàá fi tún un ṣe. Orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ sọ ọ́ ni. Bí o bá kọ̀, àga yẹn ò ní tutù."

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lára ògiri níbi tí mo fi í sí. N kò ṣínu ààwẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sílé Folúkẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Mo retí kó pariwo. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó pariwo, kí n lè rán an létí tirẹ̀. Kò pariwo.

Nítorí náà mo kìlọ̀ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ èké tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù lábẹ́ sùtánà báyìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àga wà. Ẹ lọ pe ohun tí ẹ sọ padà nígbà tí ẹnu yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Bọ́lá wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọṣẹ ìyá rẹ̀. Ọṣẹ náà ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ wo ojú mi dáadáa.

Ẹ̀yin mìíràn ti ka ohun tí mo kọ sórí bulọ́ọ̀gì Folúkẹ́, mo rí i lójú yín nígbà tí mo wọlé. N kò tíì dárí jì í tán. N kò ní parọ́ níwájú pẹpẹ lẹ́yìn ohun tí mo rí. N kò sì tíì mọ̀ bóyá àánú ni àbí ẹ̀san ni ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣí fóònù rẹ̀ síbi tí àwọn ìran mi wà, tó tì í sí mi lọ́wọ́, tó ní:

"Ẹ kọ ọ́ síbí, Màmá. Ti ọṣẹ, àti ti olè tí mo jà yín. Kí ẹ wá fi orúkọ yín sí i. Mo yọ ọ́ kúrò lára ohun tó dára. Ẹ jẹ́ n dá a padà sára èyí."