Ìpè Leobardo tí Mo Gbé Mì

Ẹ pa rédíò yín, ẹ̀yin ará ìlú mi. Èmi Otilia ni mo wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ìpè lónìí. Dókítà ní n kò ní í rí ìkórè àgbàdo tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Eufrasia, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, jókòó. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tó jẹ́ pé tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí, tó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù ilé mi? Bí ọmọ yín bá pè láti Amẹ́ríkà, mo máa ń ké lẹ́nu ẹ̀rọ yìí pé, "Eufrasia o, Leobardo ń pè ọ́, sáré wá!" Ẹ óò ju ọlọ sílẹ̀, ẹ óò dé pẹ̀lú àgbàdo lílọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ ń sunkún, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mò ń bu kọfí fún yín lórí bẹ́ǹṣì mi. Ayé mà dùn nígbà yẹn o! Kò sí oyún, kò sí ìgbéyàwó tí mi ò kọ́kọ́ gbọ́. Àlùfáà gan-an ò mọ̀ tó mi.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wá. Gbogbo yín ṣe ọ̀wẹ̀, ẹ gbé òpó rẹ̀ gun òkè. Èmi náà se ẹ̀wà fún yín. Kò pẹ́, gbogbo yín kó sí gbàgede, ẹ̀ ń wo ojú ọmọ yín nínú fóònù. Bẹ́ǹṣì mi ṣófo. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé, "Àǹtí Otilia, ẹ ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù yín pa?" Inú bí mi. Mo ń jowú ohun tó ṣe yín lóore. Àgbàyà ni mí!

Lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ yín lọ ná ọjà Tlaxiaco, tí ìlú dá, mo mú pílásì, mo gé wáyà tó ń gbé iná lọ sí òpó náà, kí ẹ lè padà sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe dé ilé ni tẹlifóònù mi dún. Inú mi dùn gan-an. Leobardo ọmọ rẹ ni, tó tún ti forí lé Amẹ́ríkà.

"Àǹtí, íńtánẹ́ẹ̀tì gbàgede ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Màmá. A ti fẹ́ wọ aṣálẹ̀ ẹnubodè, àwọn tó ń mú wa kọjá sì máa gba fóònù lọ́wọ́ wa."

Mo tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò dún. Wáyà kan náà ló ń gbé iná fún òun àti òpó! Yéè! Eufrasia, ilé rẹ ò jìnnà, ǹ bá sáré wá pè ọ́, o wà níbẹ̀ tí ò ń retí ìpè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé, wàá bèèrè ohun tó pa ẹ̀rọ, pílásì sì wà lórí tábìlì.

Mo ní, "Ìyá rẹ ti lọ ọjà."

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò bínú. Akọ màlúù wọn tí mo tà láti fi san owó ọ̀nà, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ ní kí wọ́n súre fún mi."

Mo ní, "Màá sọ fún wọn." Mi ò sọ. Ẹ ní ewúrẹ́ Crispín ló jẹ wáyà, ẹ bu owó ìtanràn lé e, mo ń mi orí pé òótọ́ ni. A ò sì gbúròó Leobardo mọ́.

Eufrasia, bí ọjọ́ àwọn òkú bá dé, tí kálukú ń gbé àwòrán òkú rẹ̀ sórí pẹpẹ, o kì í gbé ti Leobardo síbẹ̀. O máa ń ní, "Ó wà láàyè. Ó ń bá mi bínú ni, torí mo ní kó má padà wá sílé mi mọ́." Èmi á sì máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, èmi òpùrọ́!

Kò bá ọ bínú, Eufrasia. Ìsúre rẹ ló ń bèèrè. Dárí jì mí bí o bá lè. Bí o ò bá lè, fi tèmi sílẹ̀ ná, kọ́kọ́ súre fún ọmọ rẹ.