Èmi Ni Mo Yọ Òkúta Abẹ́ Táyà

Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ ná. Ẹ má tíì ka Fátíhà yẹn. Ààfáà, ẹ má bínú pé mo já a gbà mọ́ yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi lè ṣe àmín sí i báyìí, irọ́ lẹ ń ṣe àmín sí, òótọ́ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bàbá mi àgbà Ọláyanjú, ẹ yé fà mí láṣọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kó ẹbí wa wá láti Ìwéré-Ilé pé ká wá tọrọ Waheedat fún èmi Ṣùkúrù. Àwa kọ́ la tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bàbá Waheedat, Àlàájì Ràsáàkì tó fi ọ̀pá méjì sí abíyá yìí, àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ pé kí n wá fẹ́ ọmọ àwọn, torí pé èmi ni mo gbé wọn jáde lábẹ́ katakata lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ wọn lọ. Gbogbo Ṣakí ló mọ ìtàn yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní mo fi èjìká kan gbé katakata sókè bí ẹni gbé agbọ̀n iṣu. Irọ́ ni. Àwọn ará oko tó wà nítòsí ló kóra jọ, tí wọ́n fi igi gbé e. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń ké lásán.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀yin àlejò. Iṣẹ́ koríko ni Bàbá Waheedat ń ṣe, èmi náà sì ń bá wọn ṣe é. Tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, wọn á gé eruwà kí iná ìgbẹ́ tó dé bá a, wọn á sá a, wọn á dì í ní ìdì ìdì. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wá gba gbogbo oko, àwọn tó ní màlúù àtàwọn tó ń sin àgbò Iléyá á máa wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta díẹ̀ fáwọn. Àdá la fi ń gé e. Ẹ̀yìn ń ro Bàbá, ni wọ́n bá ní àwọn á ra katakata àlòkù tó lè máa fa ẹ̀rọ ìgékoríko. Kí ni mo gbọ́ ọ sí? Mo ní, "Bàbá, katakata? Èmi tí mo wa mẹ́tàdínlógún lókè Kwara, tí òyìnbó tó ni oko yẹn ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n?" N ò wa katakata kankan rí láyé mi. Géètì ni mò ń ṣí lóko yẹn. Òyìnbó yẹn gan-an, ará Íńdíà ni. Muhydeen ló mọ̀ ọ́n wà. Òun náà ń bá Bàbá ṣiṣẹ́, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, òun àti Waheedat sì ti ń fẹ́ra tipẹ́, Bàbá mọ̀, inú wọn dùn sí i. Èmi ni inú mi ò dùn.

Ilero la ti rí katakata yẹn. Ó ti darúgbó, ọ̀dà ara ẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, imú ẹ̀ kọ sísàlẹ̀, òkúta há táyà ẹ̀. Muhydeen rìn yí i ká. Ó rọra sọ fún Bàbá pé kí wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á gbé e sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ká sùn sí Ilero, ká wá wò ó láàárọ̀ kùtù bóyá á jí kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ó ní katakata tí wọ́n bá ń gbé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè jẹ́ pé kì í jí fúnra ẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ yí. Èmi náà ti rí i. Mo ti fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, wọ́n ti jí i sílẹ̀ kí a tó dé. Mo ti tẹ bíréèkì, ó wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Muhydeen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí mo bá gbè é lẹ́yìn, òun ló gbọ́n nìyẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ yìí, ìdí ẹ̀rọ gàrí lo ti kọ́ṣẹ́. Báyìí làwọn olóko ńlá ń gbé katakata sí, kí ọ́ìlì lè ṣàn lọ sórí ẹ́ńjìnnì." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí mọ nǹkan. Wọ́n ta màlúù, wọ́n rà á. Látọjọ́ náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdí àpáta la ń gbé e sí lóko, torí irọ́ ọ́ìlì tí mo pa. Muhydeen ní ká tún bíréèkì ṣe. Mo ní bí ti àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ẹlẹ́sẹ̀ aláìlágbára ló ń ráhùn bíréèkì. Ẹ tutọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tutọ́.

Lọ́jọ́ náà, Muhydeen ti fi òkúta ńlá há táyà dáadáa, ó lọ kírun Àlásárì lábẹ́ igi kajú. Bàbá wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ̀yìn sókè, wọ́n ń di koríko. Mo gbọ́ ohùn Waheedat lókèèrè, ó ń gbé oúnjẹ bọ̀. Mo ní lónìí, orí katakata ló máa bá mi. Èmi ni mo yọ òkúta. Ẹ gbọ́ ọ: ọwọ́ mi méjèèjì yìí. Mo gùn ún, ó ń yí, mo tú kílọ́ọ̀ṣì kó lè jí, kò jí. Mo tẹ bíréèkì, ó wọlẹ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀. Katakata tí kò jí kì í pariwo. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí koríko, Bàbá ò gbọ́. Àyè wà tí mo lè fi ní "Bàbá, ẹ sá." Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Mo rò ó pé tí mo bá pariwo, wọ́n á yíjú, wọ́n á rí mi níbi tí mo bẹ́ sí, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Ẹnu tí kì í dákẹ́ láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ló dákẹ́, títí katakata fi gun Bàbá lẹ́sẹ̀. Ó ń rí mi lára. Tí mo bá fi omi yọ ẹnu yìí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má gbé omi yẹn tu síbi tẹ́nì kan máa tẹ̀ ẹ́.

Kí Muhydeen tó sáré dé, mo ti ju òkúta yẹn sínú ìgbẹ́, mo sì ti ń ké. Mo ní kò há a dáadáa, pé ó yí fúnra ẹ̀. Ó ní òun há a. Ó wolẹ̀, kò rí òkúta. Nígbà tí wọ́n fi máa gé ẹsẹ̀ Bàbá, òun náà ti ń sọ pé bóyá òun ò há a lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ọgbà ọsibítù, ó ní òun dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ sí Ipapo. Èmi wá ń jẹ iyán ilé yìí. Ìyá Waheedat á fi ẹran tó tóbi jù sí tèmi, á máa rùn sí mi bíi dísẹ́ẹ̀lì, mo ń gbé e mì, mo tún ń tọrọ sí i.

Ẹ má tíì sunkún, ó kù. Bàbá, ẹ rántí pé ẹ pè mí sí yàrá, ẹ ní kí n lọ bá Muhydeen. Ẹ ní, "Sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Kó wá fẹ́ ìyàwó ẹ̀." Mo lọ lóòótọ́. Mo bá a tó ń fi àdá gé koríko olóko kan, kì í sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ó ju àdá sílẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ṣùkúrù, ṣé Bàbá ti dárí jì mí?"

Mo ní, "Wọn ò tíì." Mo tún bu iyọ̀ sí i bí ìṣe mi, mo ní ẹ ní tí ẹ bá rí i, ẹsẹ̀ kan tó kù lẹ máa fi ta á nípàá. Ó mi orí, ó padà sídìí koríko. Mo wá délé, mo sọ fún yín pé ó ní òun ti rí ìyàwó míì. Ìgbà yẹn lẹ ní, tóò, èmi ni Ọlọ́run mú wá. Láàárọ̀ yìí, ẹ di èjìká mi mú lọ ṣe àlùwàlá, ẹ ní, "Ìwọ ni ẹsẹ̀ mi báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹ́ kí wọ́n ka Fátíhà yẹn.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin tí mo máa ń pa lẹ́rìn-ín, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. "Mi ò mọ̀" kì í gé ẹsẹ̀ èèyàn. Waheedat, mi ò ní lè wojú ẹ. Bàbá, mi ò tíì ní kí ẹ dárí jì mí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀? Ohun kan ni mo wá tọrọ nílé yín lónìí, ọmọ yín kọ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi sí Muhydeen, ẹ tún un rán, kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹlòmíì.