Orí Adìẹ Ọdún Yìí

Alága àsè wa, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, Kho Bun-hiong, mo kí yín. Ìyàwó ọ̀gá, Le-kuan, ẹni tó ti ń bá wa gé ẹ̀fọ́ láti ìdájí, mo kí yín. Baba Ui-seng, olórí àdúgbò wa, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ẹ sì fi ọ̀pá rìn wá síbí nínú òtútù yìí, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ ti ń fara da ariwo ẹ̀rọ wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ń yọ́ idẹ, ẹ̀yin tí ń ha á kó lè máa dán, ẹ̀yin tí ń dì í sí páálí, ẹ̀yin ọmọ wa tuntun tí ẹ ti Vietnam wá, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo mọ̀ pé ebi ń pa yín. Mo sì tún mọ̀ pé kì í ṣe ebi nìkan ló jẹ́ kí ẹ dákẹ́ báyìí. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó ni mo ti ń wò yín. Ẹ̀ ń wò mí díẹ̀, ẹ̀ ń yọjú wo àwo ńlá tí A-bi dé ọmọrí lé láàárín tábìlì yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. N ó débẹ̀.

Òní ni ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi Siok-hun, tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Ahun lẹ́yìn, tí ẹ rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ọmọge ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà yìí, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n máa fi bébà wé ẹnu ẹ̀rọ omi, kí n máa tò ó sínú páálí. Ìyá tó bí ọ̀gá wa, àwọn tí fọ́tò wọn wà lára ògiri yẹn, bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń tú páálí tó ti dọ̀tí, tí mo ń yí inú rẹ̀ síta kí n lè tún un lò. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Kò sẹ́ni tó rán mi, Mà. Páálí yẹn ṣì dáa ni.” Wọ́n wò mí títí. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi náà ló sì wà títí di òní.

Àwọn àgbà àárín yín rántí ọdún tí ọjà kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tí ń ra ọjà lọ́wọ́ wa lókè òkun kò kọ́lé mọ́. Ta ni yóò wá ra ẹnu ẹ̀rọ omi fún ilé tí kò sí? Ilé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa tì pa, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì tì pa, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ta ẹ̀rọ wọn bí ẹni ta irin àlòkù. Ẹnu ọ̀nà wa nìkan ló ṣí ní gbogbo òpópónà yìí. Kí ló yọ wá? Ẹ̀yin ló yọ wá, àti ọ̀bẹ tí mo fi gé ìnáwó. Ó gbóná lára yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lára ẹni tó wà lókè ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní, “Ọ̀gá, mọ́tò yín yẹn ń jẹ owó ju ẹ̀rọ tí a fi ń yọ́ idẹ lọ. Ẹ tà á.” Ó ní, “Àǹtí, tí mo bá gun alùpùpù lọ bá oníbàárà, wọn ò ní sọ pé mo ti kú?” Mo ní, “Ẹ gùn ún lọ kí wọ́n lè rí i pé ẹ ṣì wà láàyè.” Ó tà á. Nínú òjò, nínú oòrùn, alùpùpù yẹn ló ń gùn kiri títí di òní, kò sì fi ìgbà kankan bá mi jà sí i. Ọ̀gá, mo dúpẹ́.

Mo dín ewé tíì kù. Mo ní kí a máa gbá èérún idẹ nílẹ̀ kí a tún un yọ́. Mo gbé àsè ọdún kúrò ní ilé oúnjẹ wá sí àgbàlá yìí, mo sì gbé e kúrò ní alẹ́ wá sí ọ̀sán kí a má baà tan iná. Mo tilẹ̀ dín èso tí a fi ń bọ Tho-ti-kong kù, òrìṣà ilẹ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ wa. A-bi, ìwọ tí ń se oúnjẹ wa, ṣé o rántí bí o ṣe pariwo lé mi lórí? O ní, “Hẹn, Màmá! Ó ti kan òrìṣà báyìí? Òun náà ò ní jẹun mọ́?” Mo ní, “Òórùn ni òrìṣà ń jẹ, àwa la ń jẹ ọsàn. Òórùn ọsàn kan àti òórùn ọsàn márùn-ún, kí ni ìyàtọ̀?” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ̀rọ ńlá wa kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo gba ọjà lọ, mo ra ọsàn kún ọsàn.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo fìyà jẹ. Ẹ bi ọkọ mi, Tsin-hok, tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀ mí rí. Mo gba sìgá lẹ́nu rẹ̀. Èmi fúnra mi ń gé irun mi níwájú dígí, iṣẹ́ ọwọ́ mi náà lẹ̀ ń wò lórí mi yìí. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, lọ́jọ́ tí mo bá kú, wàá lọ béèrè bóyá wọ́n lè yá ẹ ní pósí.” Mo ní, “Tí wọ́n bá ń yáni, ṣé kí n má béèrè ni?” Baba ọmọ mi, ẹ ṣé tí ẹ ò lé mi jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò fọwọ́ kàn: ìkòkò ìrẹsì ọ̀sán. Nígbà tí ọjà burú jù lọ, tí ọ̀gá ní kí oníkálùkù máa gbé oúnjẹ wá láti ilé, mo ní rárá o. Ẹni tó bá bá ọ jẹun nínú ìkòkò kan náà lọ́sàn-án, kò ní rọrùn fún ọ láti lé e dànù nírọ̀lẹ́. Le-kuan ló ta ẹ̀gbà ọrùn ìgbéyàwó rẹ̀ nígbà náà kí ìkòkò yẹn má baà gbẹ. Kò fẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí, ìyàwó wa, mo ti sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé orí ohun tí ẹ̀ ń wò. Ẹ̀yin ọmọ wa láti Vietnam, ẹ fetí sílẹ̀, torí pé àwọn yòókù ti mọ̀ ọ́n láti ilé ìyá wọn. Nílẹ̀ wa níbí, níbi àsè ìparí ọdún, odindi adìẹ là ń gbé kalẹ̀, torí tọrùn. Ẹni tí orí adìẹ bá kọjú sí, ọ̀gá kò fẹ́ ẹ mọ́ nìyẹn. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní bú u. Onítọ̀hún á jẹun rẹ̀, á dúpẹ́, kò sì ní padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọ̀gá tó bá láàánú, tí kò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ni yóò yí orí náà sí kí ènìyàn tó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà, ìyá ọ̀gá wa, máa ń ṣe lọ́dọọdún.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé àsè wá sí àgbàlá yìí, kò sí agbóúnjẹ kankan, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń gbé àwo. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó gbé adìẹ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ wà lára ibi tó ń tẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó sì yíjú padà lọ gbé ọbẹ̀. Orí adìẹ kọjú sí Tiong-gi gan-an. Tiong-gi, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ha idẹ tí ènìyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀! Gbogbo wa gan. N kò mọ̀ bóyá kí n dìde, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Tiong-gi jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, ó tẹrí ba fún ọ̀gá, ó ní, “Ẹ ṣé, Ọ̀gá, ẹ ti tọ́jú mi.” Ó jáde. Ọ̀gá tó gbé ọbẹ̀ dání kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọ̀gá ń ṣàlàyé, “Tiong-gi, mo búra, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni mò ń wò!” Tiong-gi ní, “Ọ̀gá, ẹ má ṣe ìyọnu. Ó yé mi. Ọjà ò yá.” Bí ọ̀gá bá ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dà bí àánú lójú rẹ̀. A padà sílé bí ẹni tó ti ibi òkú bọ̀. Ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà se odindi adìẹ mìíràn, wọ́n ní kí n fi alùpùpù gbé àwọn. Wọ́n wọ ilé Tiong-gi, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé adìẹ sórí tábìlì, wọ́n yí orí rẹ̀ sí ara wọn, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ní, “Tí ẹnì kan bá máa kúrò nílé iṣẹ́ mi, èmi ni. Wá jẹun.” Tiong-gi sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó padà wá.

Ọjà tún ti dẹnu kọlẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí bí ẹ̀rọ ṣe ń dákẹ́ láti ọ̀sán, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Tiong-gi dì mí lọ́wọ́ mú lọ́jà. Ara rẹ̀ kò yá, ẹ mọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ṣé orí adìẹ á tún kọjú sí ọkọ mi?” Ó dùn mí wọra.

Mo gbọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n pè ọ́ bí mo ṣe ń pè ọ́ nígbà tí o ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé. Bun-hiong, o ní àwọn tí ń ha idẹ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹni méjì gbọ́dọ̀ lọ. Mo ní, “Owó oṣù tèmi tó ti ẹni méjì. Gé èmi.” O ní, “Àǹtí, ẹ má bá mi ṣeré.” Mo ní, “Ìgbà wo ni mo fi owó ṣeré rí?” O yíjú sí fèrèsé. O ní, “Ẹni tó kọ́ mi ní ìṣirò, tó ń gbé mi lọ sílé ìwé nígbà tí ìyá mi ò ráyè, kí n wá yí orí adìẹ sí i? Ọwọ́ mi ò ní gbà á.” Mo ní, “Ọwọ́ tèmi á gbà á.”

Nítorí náà, A-bi, bá mi ṣí àwo yẹn.

Ẹ wò ó! Ẹ bá mi wo ohun tí ọ̀gá yín ṣe! Ó fi ewé kábéèjì wé orí adìẹ, ó tì í wọ abẹ́ apá adìẹ náà! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó mú un ṣe é, ó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n, Bun-hiong, orí tí o fi pamọ́ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní oorun. Bí kò bá kọjú sí ẹnì kan, gbogbo wọn ni yóò rò pé àwọn ló kọjú sí.

Mo ti yọ ewé náà. Mo ti yí àwo náà. Ó ti kọjú sí mi. Ṣé gbogbo yín rí i? Tiong-gi, gbórí sókè, dìde, wò ó dáadáa. Èmi ló kọjú sí.

Le-kuan, gba kọ́kọ́rọ́. Má fi ìkòkò ìrẹsì ṣeré. Ẹ̀yin tí mo ti jágbe mọ́ nítorí iná tí ẹ ò pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ sì máa pa á.

Kí ọjà yá padà. Kí ilé púpọ̀ dìde lókè òkun, kí gbogbo wọn sì máa wá omi. Kí ọwọ́ yín má rọ, kí iná ìyọ́dẹ má jó ẹnikẹ́ni. Kí ìyàwó Tiong-gi gbádùn, kí ẹ̀yin tí ẹ wá láti òkèèrè fi ayọ̀ padà bá ìyá yín. Kí ọdún tó ń bọ̀ bá gbogbo yín ní orí ìjókòó yìí, láìdín ẹnì kan.

Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an ni o. Ó yá, Tiong-gi, fi igi ìjẹun rẹ mú itan adìẹ yẹn. N kò ní jókòó títí n ó fi rí i pé o gbé e mì.