Aró Tí N Kò Kọ́kọ́ Dán Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ti pinnu pé n ó gbé e wọ sàréè ni, àmọ́ ohun tí Màmá Kẹ́mi bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n rímú mí mọ́.

Láàbù ilé ìwòsàn kan ní Enugu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Kẹ́mi, ará Ọ̀ffà tó fẹ́ ọkọ Ígbò, gbé Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀, wá láti àdúgbò New Haven níbẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tó máa ń yára pani. Oríṣi méjì ló wà, oògùn wọn ò sì jọra. Wọ́n fa mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, wọ́n ní kí n fi aró láàbù, tó máa ń mú dúdú lára oríṣi kan tí kì í sì í mú lára èkejì, mọ èyí tó jẹ́.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ká kọ́kọ́ dán aró wò lára ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, ká rí i pé ó mú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo sì ń sáré lọ wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Ninth Mile, torí ìgbéyàwó àbúrò mi. N kò dán an wò. Aró ò mú lára ti Kẹ́mi, mo bá kọ oríṣi tí kì í gba aró.

Kẹ́mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Aunty, abeg, which one I get?"

Mo ní, "The one wey dey hear medicine." Ó dì mọ́ mi.

Nígbà tí mo ti ibi ìgbéyàwó dé, mo dán aró yẹn wò lára ẹ̀jẹ̀ tèmi. Kò mú. Aró ti bàjẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ̀rù ọ̀gá mi sì ń bà mí. Mo da aró náà nù, mo panu mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà tó fura, tó ní ká tún un ṣe. Aró tuntun mú dúdú. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kẹ́mi kú. Dókítà ní àrùn náà le tẹ́lẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, n kò mọ̀.

Láti ìgbà náà, Màmá Kẹ́mi máa ń gbé ọkpa gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àwọn ará ibí, wá fún mi ní gbogbo Sátidé. Ó ní èmi nìkan ló fi ọmọ òun ṣe ọmọ. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú àbúrò Kẹ́mi dání. Yunifásítì ti gbà á láti kọ́ iṣẹ́ wa.

Ìyá náà ní, "Aunty, torí yín ló ṣe yàn án o. Biko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an."

Ọ̀la ni Sátidé. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọgbẹ́ ìyá náà á tún ṣí, iṣẹ́ mi sì lè bọ́. Bí mo bá dákẹ́, dídán aró wò ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni n ó fi kọ́ ọ?