Èsì Dókítà Tí Mo Yí Padà fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ru ẹrù yìí. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, bí kò bá ṣe ohun tí mo rí ní àdúgbò Moshie Zongo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá arúgbó kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fi obì gòrò sẹ́nu, ọmọ rẹ̀ sì já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rántí Baba Onígòrò ti Sabonjida!"

Bàbá mi ni Baba Onígòrò náà.

Gòrò ni ó tà títí ó fi darúgbó. Nínú òwò náà, ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu ọjà rẹ̀ jẹ lójú oníbàárà. Ní ọdún kejì òmìnira Ghana, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Tíṣà ni mí. Mo ti kà á nínú ìwé pé èròjà kan wà nínú gòrò, káfíìnì, tó ń lé oorun, tó sì ń mú àyà sáré. Mo dìde níwájú àwọn àgbà wa, mo kéde pé àjẹjù gòrò ló ń gbọn bàbá mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lẹ́yìn náà ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó kan. Ó sọ fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé àrùn ọpọlọ ni, pé yóò máa le sí i, pé òun kò ní oògùn tí yóò wò ó sàn. Ó ní gòrò kọ́ ló fà á. Kí n jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu mi ló ń wò. "Tíṣà, kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kí ẹ má fẹnu kan gòrò mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ dókítà yé. Ojú ló ń tì mí láti padà sọ fún àwọn tó pàtẹ́wọ́ pé mo ṣìnà.

Bàbá gbọ́ràn. Orí fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn èyí ó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan dé.

"Baba, ẹ bu ú jẹ ká rí i."

"Dókítà ò gbà, ọ̀rẹ́ mi."

"Wàláhì! Gòrò tí ẹni tó ń tà á ń sá fún, èmi wá ni kó pa?"

Ó rẹ́rìn-ín lọ sí ìsọ̀ kejì. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, bàbá pè mí. "Bá mi bẹ dókítà. Ẹyọ kan ṣoṣo." Mo wọ bàtà, mo rìn yí àdúgbò Zogbeli ká, mo padà láìdé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní ó kọ̀.

Ó ní, "Kò burú. Òun ló mọ̀wé."

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, a pín gòrò fún àwọn tó wá ṣàdúrà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Èmi ni mo gbé àwo. Ìyá mi mú ẹyọ kan, ó gbé e sórí ẹní bàbá. "Baba Tíṣà, dókítà ò rí yín mọ́. Ẹ jẹ ẹ́."

Mo ti sọ òtítọ́ fún ọmọ bàbá arúgbó Moshie Zongo yẹn. Kò gbà. Ó ní, "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa?" Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kéde rẹ̀ débi tí mo kéde irọ́ náà dé.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Bí ìwé yìí bá jáde nínú ìwé ìròyìn, yóò ní kí n kà á fún òun. Ṣé kí n kà á bí mo ṣe kọ ọ́?