Àga Àwọn Olóyè

Lórí ìlà epo ní Àkúrẹ́, lọ́dún tí epo wọ́n gógó, ọmọkùnrin kan tó máa ń fi ọ̀kadà fò kọjá lórí mọ́tò ń bá bàbá tó pè é wá ṣeré ní Oǹdó jiyàn níwájú mi.

"Bàbá, bí àga àwọn olóyè ò bá kúrò níwájú ibi tí màá balẹ̀ sí, mi ò ní fò."

"Ta ló máa sọ fún olóyè pé kó lọ jókòó sẹ́yìn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú ni?"

"Bíréèkì lè já. Ọ̀kadà ò mọ olóyè."

"Ó ti pẹ́ tóo ti ń ṣe é. Kò séwu."

"Ó dáa. Ẹ ní kí ìyá àwọn ọmọ yín wá jókòó síbẹ̀, màá fò."

Bàbá náà rọra béèrè pé, "Ká gbé e sẹ́yìn dé ibo?"