Bí Ọlọ́run Ṣe Bá Mi Gba Káàdì Ìdìbò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí láìsí ìtìjú, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bá mi pariwo Halelúyà!

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tóyìn. Ọṣẹ olómi ni mò ń ṣe tà ládùúgbò Boundary. Nígbà tí òjò ńlá yẹn rọ̀, tí omi gọ́tà wọlé, tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ń léfòó nínú yàrá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ìdìbò kánsù ń bọ̀, pé àwọn kánsù ló yẹ kó mójú tó gọ́tà. Mi ò ní káàdì ìdìbò rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo ní èmi náà máa dìbò lọ́tẹ̀ yìí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi, ọjọ́ orí mi àti àdúgbò tí mò ń gbé, wọ́n ya fọ́tò mi. Omidan kan wá ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ìka. Mo gbé e lé e, ẹ̀rọ ò gbà. Mo nù ún, mo tún gbé e lé e, kò gbà. Òógùn ń bò mí. Ni obìnrin kan lẹ́yìn mi, tá a jọ ń gbé kọ́mpáǹdì kan náà, bá sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí léegun: "Èèyàn tí ìka ẹ̀ ò ní àmì, ta ló tà á fún?"

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣáájú mi délé. Àwọn ọmọ tó máa ń sáré wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n sẹ́yìn. Wọ́n ní mo ti fi ìka mi wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Èmi tí ẹ máa ń rí nínú ẹgbẹ́ aláàdúrà yìí!

Mo sunkún wá síbi àdúrà àárín ọ̀sẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà fún mi. Bá a ṣe ṣe àmín tán, Sister Bọ́sẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Mummy, kò sí ẹ̀mí kankan níbí. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó le tẹ́ ẹ fi ń ṣe ọṣẹ, ló jẹ ìlà ìka yín. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ máa fi òrí pa á, kẹ́ ẹ padà lọ." Ẹ ò rí Ọlọ́run? Ó ti gbé ìdáhùn jókòó tì mí kí n tó béèrè.

Kò rọrùn o. Ọkọ mi ní, "Torí káàdì ìdìbò lo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń fi òrí pa ìka, mò ń gbàdúrà sí i.

Nígbà tí mo padà lọ, omidan ọjọ́sí ló tún wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, mà." Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ gbà á! Mo fò sókè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú tábìlì wọn dé. Omidan yẹn ń rẹ́rìn-ín: "Mama, calm down, e never finish. Ó ku ìka mẹ́sàn-án."

Gbogbo ẹ̀ ló gbà. Káàdì jáde, mo lọ gbà á. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n rí orúkọ àti fọ́tò mi nínú ìwé wọn, wọ́n fún mi ní ìwé ìdìbò ti alága àti ti kánsẹ́lọ̀. Mo wọ kọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan ò ti lè rí mi, mo fi ìka bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó wù mí, mo ká àwọn ìwé náà, mo jù wọ́n sínú àpótí. Bí mo ṣe jáde, obìnrin kọ́mpáǹdì wa yẹn wà lórí ìlà. Ó rí yíǹkì lórí ìka mi, ó ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀.

Ẹni tí mo dìbò fún ò wọlé o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀rí mi. Nígbà tí kánsẹ́lọ̀ tuntun wá kí wa ládùúgbò, mo mú un lọ sí etí gọ́tà. Ó ní, "Mama, ṣé èmi lẹ dìbò fún?" Mo ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo dìbò, mo sì máa tún dì í." Ó wo gọ́tà, ó wò mí. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń kó gọ́tà fi dé.

Gbogbo yín lẹ mọ òjò tó rọ̀ lánàá. Ilẹ̀ yàrá mi gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ dìde lọ. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ tá a wà yìí, ẹ kọ́kọ́ dìde bá mi jó fún Olúwa.